Ẹní Ìdájọ́ Ọ̀dọ̀fin Lánipẹ̀kun

Ilẹ̀kùn Gbọọrọ, awo ẹnu ọ̀nà. Àtẹ́lẹsẹ̀ Pẹlẹbẹ, awo inú ilé. Àwọn méjèèjì ló dífá fún Ọ̀dọ̀fin Lánipẹ̀kun, adájọ́ ìlú Ìgbóyè, ní ọjọ́ tó jókòó láàárín ọlá tó ń sunkún, tó ní gbogbo ayé ló ń kí òun, kò sí ẹni tó fẹ́ràn òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Ọ̀dọ̀fin jẹ́ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà purọ́ mọ́ ọn. Kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kì í wo ojú olówó. Bí ọba pàápàá bá jẹ̀bi, yóò sọ fún un ní ojúkojú. Ẹní kan wà tó máa ń jókòó lé tó bá ń dájọ́, ẹní tí wọ́n fi awọ ẹfọ̀n ṣe, tí baba rẹ̀ jókòó lé, tí baba baba rẹ̀ náà jókòó lé. Ẹ̀tọ́ kò ṣàjèjì sí ẹní náà. Síbẹ̀, bí Ọ̀dọ̀fin bá ń kọjá lọ, àwọn ọmọdé á sá wọlé. Àwọn àgbà á kí i tán, wọ́n á yára ya ọ̀nà mìíràn. Èyí ló ń dùn ún dé egungun.

Àwọn awo ní kó rúbọ. Wọ́n ní kó rú ẹyẹlé méjì, kó rú epo, kó sì rú ẹní tó ń jókòó lé dájọ́. Wọ́n ní kó fi orí ara rẹ̀ ru ẹní ọ̀hún, kó lọ tẹ́ ẹ síbi tí ẹni tí ìyà ń jẹ wà, tí ẹni náà kò lè jáde wá. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìfẹ́ tó ń wá wà.

Ọ̀dọ̀fin kó ẹyẹlé sílẹ̀, ó gbé epo sílẹ̀. Nígbà tó kan ẹní, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé òun ni yóò máa ru ẹní kiri bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé? Ó ránni lọ sọ́jà, wọ́n ra ẹní tuntun wá, ó ní kí wọ́n fi ìyẹn rú u. Àwọn awo wo ẹní náà, wọ́n wo ojú ara wọn.

Wọ́n ní, "Ọ̀dọ̀fin, tiyín ni Ifá béèrè, tọjà lẹ mú wá."

Wọ́n dìde, wọ́n bá tiwọn lọ.

Kò pẹ́ sí àkókò náà, ẹjọ́ kan dé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láòṣebíkan wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Ọ̀dọ̀fin. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kú, ó fi Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ àti Ayọ̀ká, ọmọbìnrin kékeré kan. Ó ní òun fẹ́ mú ọmọ lọ sí oko òun lẹ́yìn odò, ibẹ̀ ni yóò ti dàgbà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbà. Ó ní kí Ọ̀dọ̀fin pè é.

Ọ̀dọ̀fin ránṣẹ́ pe Ìbídùn. Kò wá. Ó tún ránṣẹ́. Kò wá. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé ẹjọ́ Ìgbóyè ni pé ẹni tí wọ́n pè tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ti jẹ̀bi. Wọn kì í gba aṣojú. Wọn kì í béèrè ìdí. Inú bí Ọ̀dọ̀fin. Ó ní bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tí obìnrin náà kò yọjú, kí Láòṣebíkan máa mú ọmọ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ wo àṣìṣe ọlọ́gbọ́n. Ilé opó ni Ìbídùn wà. Ní Ìgbóyè, opó kì í ré ẹnu ọ̀nà kọjá títí wọn yóò fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ lára rẹ̀. Bó bá jáde, wọ́n á ní òun ló pa ọkọ. Kì í sì í dá ẹni tó dúró lóhùn. Ẹni tó bá jókòó sílẹ̀, tó kí i kú aráfẹ́rakù, ẹni yẹn ló lè bá sọ̀rọ̀. Ìránṣẹ́ Ọ̀dọ̀fin kò jókòó rí. Òòró ló máa ń dúró, á kígbe orúkọ, á yí padà. Ìbídùn kò ní ẹbí nítòsí, ọ̀nà jíjìn ni ọkọ ti gbé e wá. Ó gbé ọmọ sáyà, ó ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì lè dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mórìnóyè, ìyàwó Ọ̀dọ̀fin, gbé oúnjẹ fún un. Ó ní, "Bàbá Ọlátẹ́jú, obìnrin tí ẹ ní ó fojú di yín, ṣé ẹ mọ̀ pé ilé opó ló wà?"

Ọ̀dọ̀fin ní òfin kì í béèrè ibi tí èèyàn wà.

Mórìnóyè rọra gbé àwo ọbẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. "Ó dáa. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá bá a nílé ìdáná. Ọbẹ̀ náà kì í béèrè ibi tí èèyàn wà."

Ọ̀dọ̀fin rẹ́rìn-ín. Mórìnóyè kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í, ó fọwọ́ lé e lórúnkún.

"Bí ẹ bá ṣíwájú mi lọ," ló wí, "tí èmi náà wọ ilé opó, tí wọ́n wá ń gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ta ni yóò wá bá mi?"

Ọbẹ̀ tutù, Ọ̀dọ̀fin kò jẹ ẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ká ẹní awọ ẹfọ̀n, ó fi orí ara rẹ̀ rù ú. Ìgbóyè dúró, ó ń wò ó. Obìnrin aláwàdà kan béèrè bóyá ìyàwó ló lé e jáde. Ọ̀dọ̀fin ní ó kù díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń lọ.

Ó bá Láòṣebíkan lẹ́nu ọ̀nà Ìbídùn, ó ti gbé agbọ̀n ẹrù ọmọ dání. Ìyẹn ní, "Bàbá, a kì í dájọ́ nílé opó."

"Kì í ṣe ẹjọ́ ni mo kọ́kọ́ bá wá."

Ọ̀dọ̀fin tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà, ìdajì níta, ìdajì nínú ilé. Ó ṣí fìlà, ó jókòó. Ó ní, "Ìbídùn, o kú aráfẹ́rakù."

Ẹkún ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, Ìbídùn fà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ṣé, Bàbá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè mí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi."

Ó wá rojọ́. Ó ní òun kò lòdì sí kí ọmọ mọ àwọn ará ilé baba rẹ̀. Ó ní Ayọ̀ká ṣì máa ń jí láàárọ̀, á lọ wo ibùsùn baba rẹ̀, á tún padà wá sọ́dọ̀ òun. Bí wọ́n bá mú un lọ báyìí, ọ̀dọ̀ ta ni yóò padà sí?

Ọ̀dọ̀fin kọjú sí Láòṣebíkan. Ó béèrè bóyá ó mọ̀ pé obìnrin yìí wà nílé opó nígbà tó ní kí òun pè é.

"Ta ni kò mọ̀, Ọ̀dọ̀fin? Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Èmi ni n kò mọ̀ nígbà náà," ni Ọ̀dọ̀fin wí. "Òfin mi lo fẹ́ fi jí ọmọ gbé. Èmi ni mo sì fi lé ọ lọ́wọ́. Ìbídùn, forí jì mí. Ọmọ di tìrẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Láòṣebíkan gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ayọ̀ká jáde lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ kan irun ẹfọ̀n, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó sùn lọ. Wọ́n fẹ́ gbé e kúrò. Ọ̀dọ̀fin ní kí wọ́n má jí i. Ó rìn lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ náà ni ẹbọ rẹ̀ tó dà.

Láti ìgbà náà ni Ọ̀dọ̀fin ti ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ dájọ́. Arọ tó wà lórí òkè ránṣẹ́ sí i, ó gòkè lọ bá a. Adẹ́tẹ̀ tí wọ́n lé sí ẹ̀yìn odi pè é, ó lọ. Ẹrú tí kò lẹ́nu níwájú olówó rẹ̀ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárò. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń bu omi fún un, wọ́n ń sọ ìròyìn ilé wọn fún un.

Ó wá ń fi ayọ̀ dárúkọ àwọn awo rẹ̀. Ó ní Ilẹ̀kùn Gbọọrọ kò purọ́, Àtẹ́lẹsẹ̀ Pẹlẹbẹ sọ òótọ́, òun ló fi etí palàbà gbọ́.

Ẹ̀yin adájọ́ tí ẹ kọ́ ilé ẹjọ́ sókè àtẹ̀gùn, tí arọ ń wò ó láti ilẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, n kò fi bò. Ifá kò sọ pé ẹ jẹ̀bi. Ifá ní ẹ rúbọ. Ẹni tí kò lè wá, ẹ dìde, ẹ lọ bá a. Kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí i.