Ìwé Eré Iná tí Fọlárànmí Fi Pamọ́

Bí àlejò bá ti ilé wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Bàsẹlónà, ìlú ńlá etí òkun ní ilẹ̀ Katalóníà, ọwọ́ Fọlárànmí ni wọ́n máa ń fi í sí. Ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ nìyẹn níbẹ̀. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ èdè Katalan débi pé àwọn onílẹ̀ pàápàá máa ń bá a ṣàwàdà, ó sì ti bá ẹgbẹ́ eléré iná àdúgbò rẹ̀ jó fún ọdún mẹ́rin. Yóò mú àlejò lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, yóò mú wọn dé etí òkun, yóò mú wọn gba ọjà kọjá, ó parí. Àwọn ènìyàn a dúpẹ́, ọpẹ́ náà a sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

Lọ́dún kan, ìyá méje láti Ìkìrun, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá náà pé àwọn fẹ́ wá lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí ẹgbẹ́ pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, Fọlárànmí ti ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe láti sọ̀rọ̀ nígbà tí Dúródọlá dìde. Obìnrin yìí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní ìlú náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípàdé. Ó ṣí ìwé kékeré kan tó ti kọ nǹkan sí.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ilé àti òkúta kò ní sá lọ. Ọdún ni kì í dúró de ẹnì kan. Oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ìlú yìí ń ṣe ọdún Mẹ̀sẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọdún náà mú àwọn ìyá wa wo ìlú.”

Ó wá kà á fún wọn. Àwọn ìyá yóò kọ́kọ́ sinmi. Ní ọjọ́ kejì, wọn yóò wo àwọn ère gàgàrà ọba àti olorì tí ènìyàn máa ń wọ abẹ́ wọn tí yóò sì máa gbé wọn jó káàkiri ìgboro. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà, ní ọ̀sán, wọn yóò wo àwọn tó ń gun èjìká ara wọn títí ọmọdé kan yóò fi dé orí gbogbo wọn tí yóò na ọwọ́ sókè. Eré iná, níbi tí àwọn eléré ti máa ń jó láàárín èrò pẹ̀lú iná tó ń ta lọ́wọ́ wọn, ni yóò kẹ́yìn. Ó ti wo ibùdókọ̀ tó ní ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè nítorí orúnkún àwọn àgbà. Ó ti wo ibi tí ibòòji yóò wà, àti ibi tí wọ́n ti lè ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

Bàbá Alága mi orí. “Láti ìgbà tí a ti ń gba àlejò, kò sí ẹni tó ronú báyìí rí. Dúródọlá, ìwọ ni kó o ṣe é.”

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Fọlárànmí náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ara wọn.

Ìyá rẹ̀, Màmá Ìbídùn, wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Láti oṣù kẹfà ló ti wá kí i. Nígbà tí màmá gbọ́ ètò náà, ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ yẹn ní làákàyè. Èmi tí mo ti wà níbí láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ère ọba máa ń jó ní ìgboro.”

Fọlárànmí ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn. “Ẹsẹ̀ yín ń dùn yín, Màámi. Àárín èrò kò yẹ yín.”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tó yà sí tí wọn kò ti dárúkọ Dúródọlá. Bí ó bá sùn, ó ń ro ó. Bí ó bá ń po ìyẹ̀fun, ó ń ro ó. Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀nà ìlú? Ta ló mú un lọ gba ìwé ìgbélùú nígbà tó dé? Ó ń ka oore tó ti ṣe fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni inú rẹ̀ ń korò sí i.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn àlejò dé nígbà tí Dúródọlá wá bá a ní ilé búrẹ́dì. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́.

“Bọ̀dá Fọlá, ẹ má bínú. Ìwé eré iná tí wọ́n pín fún wa rèé. Katalan ni wọ́n fi kọ ọ́, Sípáníìṣì díẹ̀ ni mo gbọ́. Ẹ bá mi wò ó.”

Fọlárànmí gbà á, ó kà á délẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ènìyàn wọ aṣọ òwú tó nípọn, kí ó bo orí àti ọrùn, kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ ọ̀rá tàbí léèsì, kí àwọn arúgbó sì dúró lókèèrè, nítorí ẹ̀ta iná máa ń fò. Òun gan-an ti rí ẹ̀ta iná tó lu aṣọ ènìyàn. Ó wo ojú Dúródọlá. Ohun tó rò ni pé aṣọ àwọn ìyá yóò kàn lu díẹ̀, wọn yóò kùn délé, ẹgbẹ́ yóò sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún.

“Àkókò àti ojú ọ̀nà ni wọ́n kọ síbẹ̀,” ó ní.

“Wọn ò sọ nǹkan kan nípa aṣọ?”

“Ọdún ni. Kí wọ́n wọ aṣọ ọdún.”

Dúródọlá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn oníbàárà.

Àwọn ìyá dé, ètò náà sì lọ geere. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá sunkún nígbà tí ọmọdé náà na ọwọ́ sókè. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan dà bí ata lójú Fọlárànmí. Nígbà tí ọjọ́ eré iná kò, ó tọrọ iṣẹ́ àfikún kí ó má baà sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Dúródọlá kó àwọn ìyá gba ilé Fọlárànmí kọjá láti kí Màmá Ìbídùn. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ ò ní bá wa lọ?” ni ọ̀kan nínú wọn bi í. Màmá kò jẹ́ kí wọ́n bi òun lẹ́ẹ̀kejì. Ó wọ léèsì funfun rẹ̀, ó wé gèlè tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀lé wọn.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú nígbà tí fóònù Fọlárànmí dún. Dúródọlá ló pè é. “Bọ̀dá Fọlá, iná ran aṣọ Màmá. A wà ní ilé ìwòsàn.”

Ó sáré dé ibẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀ta iná ti bọ́ sí léèsì Màmá Ìbídùn léjìká. Ọkùnrin ará ìlú kan ló bọ́ kóòtù rẹ̀ dà á bò ó tí iná fi kú. Ṣùgbọ́n léèsì náà ti yọ́ mọ́ ara rẹ̀ láti ọrùn dé èjìká òsì. Dókítà ní yóò yè é, pé àpá rẹ̀ ni kò ní tán.

Dúródọlá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Bàbá Alága àti àwọn ìyá méje. “Èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀. Ẹ má fi àlejò sí mi lọ́wọ́ mọ́ láé.”

Ọ̀rọ̀ tí Fọlárànmí ti ń dúró dè láti oṣù mélòó kan nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ tó gbọ́ Katalan. Kí ó sáà ti panu mọ́, ó ti tán. Ó wo ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, ó wo obìnrin tó wà nílẹ̀.

“Kò jẹ̀bi,” ó ní. “Kò mọ̀ ni. Ó mú ìwé wá bá mi kí n kà á fún un. Mo rí i níbẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ wọ léèsì, mo sì fi pamọ́ fún un. Mo jowú rẹ̀ ni.”

Dúródọlá dìde nílẹ̀, kò wò ó. Màmá Ìbídùn ló fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le.

“Àkànní, ṣé o mọ̀ pé èmi náà yóò wà níbẹ̀?”

“Rárá o, Màámi.”

“Ìyá ta wá ni o fẹ́ kí iná jó?”



Màmá padà sí ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí egbò náà jinná. Ọwọ́ Dúródọlá ni ètò àlejò wà títí dòní. Ó ń kúnlẹ̀ kí Fọlárànmí bí ó ṣe máa ń kí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ní ìwé Katalan lọ́wọ́, ará ìlú tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń mú un lọ bá.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà fi máa ń pa á lówe títí di òní pé: ẹni tí yóò fi ọ̀nà pamọ́ fún àlejò, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ìyá rẹ̀ wà.