Bí Ẹja Pẹlẹbẹ Ṣe Di Ẹní Nílé Akàn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi tàkìtì, ó já sínú òkun, ó bà sẹ́yìn ẹja kékeré kan tí à ń pè ní Pẹlẹbẹ lónìí.

"Ìyá àgbà, ṣé pẹlẹbẹ ni wọ́n bí i ni?"

"Tẹniọlá, dákẹ́, jẹ́ kí n débẹ̀."

Rògbòdò ni wọ́n bí i, bí ọsàn. Ojú kan wà lápá ọ̀tún, èkejì wà lápá òsì. Orí iyanrìn ló ń gbé, awọ rẹ̀ a sì máa gba àwọ̀ ibi tó bá sùn sí. Bó sùn sórí òkúta, a dà bí òkúta. Bó sùn sórí ewé, a dà bí ewé. Àmọ́ iṣẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti ní ẹ wá ṣe àáró báyìí, fìrì, Pẹlẹbẹ ti wọ iyanrìn lọ.

Nígbà tí Akàn fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, gbogbo ẹja bá a gbẹ́ ilé tuntun. Pẹlẹbẹ nìkan ni kò yọjú. Akàn gbé ẹmú rẹ̀ sókè, ó ní: "Ẹni tí kò bá wa gbẹ́lẹ̀ kò ní bá wa jẹ mọ́ínmọ́ín. Bí mo bá ká a mọ́lé mi, màá gé ìrù rẹ̀ jẹ!"

Ẹ̀rù ba Pẹlẹbẹ. Àmọ́ òórùn mọ́ínmọ́ín ń ta sánsán bọ̀ nínú omi. Ó ní: "Ṣebí kò sóhun tí n kò lè dà bí? Màá dà bí ẹní." Kí àlejò tó dé, ó ti yọ́ wọlé Akàn, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nídìí ìkòkò, ó gba àwọ̀ ẹní. Ojú ọ̀tún wà lókè, ojú òsì wà nínú iyanrìn. Ó ń retí kí oúnjẹ já bọ́ sí i lẹ́nu.

Ta ló kọ́kọ́ dé? Àbùùbùtán, ẹja tó tóbi jù lókun, ìyá ọkọ Akàn!

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹní rèé, ẹ jókòó."

Àbùùbùtán jókòó lé e, orí Pẹlẹbẹ nìkan ló yọ síta. Gbììì!

Pẹlẹbẹ fẹ́ ké, ó rántí ìrù rẹ̀, ló bá ń kọrin nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é o:

*Ìyá àgbà òkun, ẹ sún díẹ̀,*
Pẹ̀lẹ́-ń-pẹ̀lẹ́!
*Ẹ̀gbẹ́ mi ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́,*
Pẹ̀lẹ́-ń-pẹ̀lẹ́!
*Bí mo bá ké, ìrù á lọ,*
Pẹ̀lẹ́-ń-pẹ̀lẹ́!
*Bí n kò bá ké, ara á fẹ̀,*
Pẹ̀lẹ́-ń-pẹ̀lẹ́!

Ojú òsì pe ojú ọ̀tún nísàlẹ̀ ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wò?"

"Mọ́ínmọ́ín."

"Ṣé ẹyin wà nínú ẹ̀?"

"Ẹyin ńlá."

"Hẹ̀n! Iyanrìn lèmi ń wò látàárọ̀. Ẹ sún, mò ń bọ̀."

"Bọ̀ níbo? Àyè ojú kan ló wà níbí!"

Ojú òsì kò gbọ́. Ó fà, ó fà, ó gun orí kọjá, ó yọ sókè, pọ́ńkán! Ojú méjèèjì wá jókòó ti ara wọn, wọ́n tẹjú mọ́ mọ́ínmọ́ín. Ẹnu ló wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì dé ìdí ìkòkò.

Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dìde. Akàn fẹ́ gbọn ẹní.

"Yéè! Ẹní yìí lójú!"

Ojú méjèèjì ṣẹ́ pàkò.

Àbùùbùtán ní: "Ó ń mí lábẹ́ mi náà. Mo ṣebí ẹní ìgbàlódé ni."

Ẹmú Akàn ti là. Pẹlẹbẹ fò sókè, ó fẹ́ dúró gbọnrangandan kó lúwẹ̀ẹ́, ara kọ̀. Bí ewé ló ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ jáde, díẹ̀ báyìí ló sì kù kí ẹmú gé ìrù rẹ̀.

"Kò wá jẹ mọ́ínmọ́ín náà rárá?" Tẹniọlá bèèrè.

"Ewé rẹ̀ pàápàá, kò lá a."

Láti ìgbà náà ló ti ń dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn, tó da iyanrìn bo ara, tí ojú méjèèjì nìkan yọ síta, tó ń ṣọ́ kòkòrò wẹ́wẹ́ tó bá ń kọjá. Òkè rẹ̀ dà bí iyanrìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun.

Etí òkun ni mo gúnlẹ̀ sí o. Bí mo bá parọ́, kí eyín tó kù lẹ́nu mi bọ́ sínú ẹ̀bà alẹ́ yìí.

"Kò ní bọ́, Ìyá àgbà!"

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ oúnjẹ àáró, kó kọ́kọ́ bá wọn ṣe àáró. Ẹni tó sá fún iṣẹ́, tó fi ọgbọ́n àrékérekè wá oúnjẹ, ara rẹ̀ ni yóò fi jìyà.