Àgbáyun Tó Tú Ìjàpá Léyín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já bọ́ lórí igi agbálùmọ̀, ó yí gbirigbiri, ó bọ́ sẹ́nu Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ máa wò o.

Láyé ọjọ́un, Ìjàpá ní eyín. Láràárọ̀ ló ń rin orín títí gbogbo wọn á fi funfun báláú. Iṣu sísun ló sì ń fi wọ́n jẹ, torí kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó o.

Nígbà tí agbálùmọ̀ dé, abẹ́ igi etí odò ni gbogbo ẹranko ti ń ṣà á. Wọn kì í ká a. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ já bọ́ ni wọ́n ń mú, òun ló pọ́n, òun ló dùn. Ìjàpá kò ní irú sùúrù yẹn. Ó gbé ọ̀pá, ó gbọn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kó apẹ̀rẹ̀ kan kún. Ó tọ́ ọ̀kan wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Yánníbo, ó kan!"

"Ta ló ní kí ẹ ká a, ọkọ mi?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. Ó ti rántí àgbáyun, èso pupa kékeré inú igbó. Bí èèyàn bá ti lá a, gbogbo ohun kíkan á di dídùn lẹ́nu rẹ̀. Ó já a wá, ó jókòó sójú ọ̀nà.

"Agbálùmọ̀ rèé o! Ẹ mú iṣu kan wá, ẹ kó mẹ́wàá lọ!"

Ìyá Òkété dúró. "Ṣé kò kan ṣá?"

"Ẹ fi pupa yìí ṣí ẹnu ná, Ìyá, kí ẹ tó tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. "Há! Bí oyin!" Ló bá fi iṣu kan sílẹ̀, ó kó mẹ́wàá, àwọn yòókù náà sì ń rà.

Ọ̀yà ló fura. "Ìwọ tó ń tà á, kí ló dé tí o ò jẹ ẹ́?"

Kí àṣírí má bàa tú, Ìjàpá lá àgbáyun, ó jẹ agbálùmọ̀ kan. Ó mà dùn o! Ó jẹ òmíràn. Ó gbàgbé pé òun lòun pa irọ́ náà. Àwọn oníbàárà ń jẹ ọ̀kan, òun ń jẹ mẹ́fà, títí apẹ̀rẹ̀ fi ṣófo.

Nírọ̀lẹ́, Yánníbo sun iṣu. Ìjàpá gé e jẹ. "Yéè!" Adùn àgbáyun ti lọ, kíkan ló kù, ó sì ti jẹ eyín rẹ̀ dé gbòǹgbò. Ọ̀kan bọ́ sínú iṣu. Èkejì tẹ̀ lé e. Kó tó pe Yánníbo, gbogbo wọn ti bọ́ tán.

Àwọn oníbàárà náà dé, ojú wọn le, agbálùmọ̀ tí wọ́n gbé lọ sílé kan, kò ṣe é jẹ láìsí àgbáyun. Ìjàpá lanu láti parọ́, erìgì nìkan ni wọ́n rí. Ọ̀yà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n kó iṣu wọn. Ìyá Òkété, tó mú pàṣán wá, wò ó, àánú ṣe é.

"Ìjàpá, ìwọ yìí! Yánníbo, gba iṣu tèmi, gún un fún un, kó rí nǹkan gbé mì."

Ìdí nìyẹn tí ìjàpá kò fi ní eyín kankan di òní. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá lọ ra agbálùmọ̀, èyí tó fúnra rẹ̀ já bọ́ ni kí ẹ rà, ẹnu lásán ni kí ẹ sì fi tọ́ ọ wò. Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ mí sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí gbogbo agbálùmọ̀ tí mo bá jẹ lọ́dún yìí kan!