Ọ̀nà Fífẹ̀ Baálẹ̀ Oyèbọ̀dé

Gbogbo yín lẹ ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ta wá lẹni tó kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà kan tó? Èmi mọ orúkọ rẹ̀, torí ìyá ìyá mi wà níbẹ̀.

Oyèbọ̀dé, Baálẹ̀ Ìdí-Ahùn, ni. Ó dé ìlú ńlá kan, ó rí títì tó fẹ̀ bí odò, ló bá gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bọ̀ wálé: ọ̀làjú. Nígbà yẹn, ọ̀nà márùn-ún ló wọ ọjà wa: ti amọ̀kòkò, ti alágbẹ̀dẹ, ti aláró, ti apẹja, ti ará oko. Kálukú ló ń ro koríko ọ̀nà tirẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n fi ẹ̀gún dí gbogbo rẹ̀, kí wọ́n la ẹyọ kan tó fẹ̀.

Àwẹ̀ró amọ̀kòkò ní, "Bàbá, ta ni yóò máa ro ó?"

"Gbogbo ìlú!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ilé Gbogbo-Ìlú fún mi, kí n lè lọ jí i láàárọ̀."

Òjò dé. Alágbẹ̀dẹ ní iṣẹ́ aláró ni, aláró ní iṣẹ́ Baálẹ̀ ni. Eèsún bo ọ̀nà, ejò ń sùn síbẹ̀. Ọjọ́ ọjà pé, adìyẹ nìkan ló ná an. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọjà tó bá ṣófo lẹ́ẹ̀mẹta léraléra ti kú nìyẹn. Ìlú mìíràn á gba ọjọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ẹ̀ẹ̀kẹta pé, Oyèbọ̀dé ò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ mú àdá, ó ń gé ẹ̀gún tí wọ́n fi dí àwọn ọ̀nà àtijọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró gba àdá náà.

"Ẹ fi tiwa sílẹ̀ fún wa, Bàbá."

Kí oòrùn tó wọ̀, ìró ọkọ́ ń dún lọ́nà márààrún, láìsí ẹni tó pàṣẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ gun àpáta ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ìkòkò ń bọ̀ láti òkè, aṣọ aró láti ìsàlẹ̀, ẹja, irin, iṣu, wọ́n ń tú jáde bí esunsun lẹ́yìn òjò. Kò sẹ́ni tó kó wọn jọ, síbẹ̀ wọ́n pàdé. Ìyá ìyá mi ní orí òun wú. Baálẹ̀ tí kì í ṣí fìlà fẹ́nì kan, ó ṣí fìlà.

"Ta lẹ ń kí, Bàbá?" Àwẹ̀ró bi í.

"Gbogbo-Ìlú ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ilé rẹ̀ ni."

Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.