Ọwọ́ Ìyá Ó-Tó

Àlọ́ o.
Àlọ̀.
Àlọ́ mi rá pálá wọ inú ọ̀gán, ó bá Ìyá Ó-Tó níbẹ̀.

Ikán àgbà ni ìyá yìí. Bí Kànkàn, ikán onílù wọn, bá ń forí gbá ògiri, gbogbo ikán á máa mọlé. Bí ilé bá tó, Ìyá á gbé ọwọ́ lé Kànkàn lórí, iṣẹ́ á dúró, kí wọ́n má baà mọ amọ̀ dí ihò tí ọ̀gán fi ń mí.

Àfi ọjọ́ tí orí Kànkàn dàrú. Ìyá gbé ọwọ́ lé e, orí náà gbóná, kò dúró.

"Kànkàn ọmọ mi, ó tó."

Kànkàn ní, "Ìyá, ẹ ti darúgbó ni. Orí mi gbóná torí mò ń dàgbà; ṣé ẹni tó ń dàgbà ló ń ṣàìsàn?"

Ìyá sáré tọ àwọn tó ń mọlé lọ, ó ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká ríṣẹ́ ṣe jàre. Ilé ta ló ga tó tiwa?"

Ló bá lọ dúró sí ẹnu ihò tí ọ̀gán fi ń mí, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ má mọ ọ́n mọ́ o,
*Ó tó, ó tó.*
Ọmọ ń bẹ nínú ilé,
*Ó tó, ó tó.*
Ilé fẹ́ gbé wa mì,
*Ó tó, ó tó.*

Wọ́n gbọ́ orin, ṣùgbọ́n orí Kànkàn ni ọwọ́ wọn ń tẹ̀lé. Amọ̀ bo ẹsẹ̀ Ìyá, ó dé àyà rẹ̀. Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló rẹ́ amọ̀ tó bò ó lẹ́nu, ihò sì dí pátápátá.

Àwọn ẹran tó ń kọjá ń kí wọn pé, "Ẹ kú ilé o, ilé yìí mà ga." Kò sẹ́ni tó kù láàyè nínú ilé tó lè dáhùn.

Inú ọ̀gán yẹn ni àlọ́ mi kú sí.