Igbe Akínlàbí Nílé Ìyá Olówùú

Akínlàbí, àgbẹ̀ oníṣu ní abúlé Ìdí-Ahùn, kò ní ọmọ mìíràn láyé àfi Dúrójayé. Lọ́jọ́ kan, Àríkẹ́ aya rẹ̀ mú ọmọ náà lọ sóko, òjò ńlá sì ká wọn mọ́ ọ̀nà. Àríkẹ́ nìkan ló padà délé, aṣọ ara rẹ̀ tutù rinrin, kò sì lè fọhùn. Wọ́n wá ọmọ náà títí, wọn ò rí òkú rẹ̀, wọn ò rí ààyè rẹ̀. Oorun pàápàá kọ Àríkẹ́. Àwọn ẹbí ọkọ wá fárígá: bí kò bá sọ ibi tó fi ọmọ àwọn sí kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun, kó máa lọ sílé baba rẹ̀. Akínlàbí fẹ́ràn aya rẹ̀ gidi. Ìbẹ̀rù pé òun yóò pàdánù ọmọ, òun yóò tún pàdánù ìyá ọmọ, ló jẹ́ kó mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Olówùú, ìyá arúgbó kan tó ń rànwú, tó sì ń wo aláìsàn.

Ìwòsàn ìyá arúgbó yìí kò ju pé kó jókòó ti aláìsàn, kó máa rànwú, kó sì máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí oorun kan tí kì í ṣe oorun gidi yóò fi gbé e lọ. Inú oorun yẹn ni aláìsàn ti ń tú ohun tó wà níkùn sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, Àríkẹ́ kàn ń mí kanlẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ó ní, "A ti jáde nílé." Nígbà tó tún ṣe, ó ní, "Òjò ti ṣú." Bẹ́ẹ̀ ló ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà oko ọjọ́ burúkú yẹn, ó sì ti ń rí oorun sùn díẹ̀ nílé.

"Ìyá, títí dìgbà wo?" ni Akínlàbí bi í. "Iṣu mà ti ta lóko o!"

"Ọmọ mi, tàwọn kan a máa yá, tàwọn mìíràn a máa pẹ́. Bí mo bá kánjú fa òwú yìí, á já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má fọhùn sí i nígbà tó bá wà nínú oorun náà."

Akínlàbí ní òun ti gbọ́. Ta ló gbọ́? Etí ló gbọ́, inú ò gbà! Lójú tirẹ̀, bí ènìyàn bá dákú, ṣebí igbe orúkọ la fi ń pè é padà. Kí wá ni ti ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n jẹ iṣu, ó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá náà, ó ń gbọ́ ohùn aya rẹ̀ nínú ilé.

"A ti dé etí odò. Odò ti kún. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi…"

Àríkẹ́ dákẹ́. Ìyá Olówùú ń rànwú rẹ̀ lọ.

Ara Akínlàbí ò gbà á mọ́. Ó já wọlé, ó di aya rẹ̀ léjìká mú, ó mì ín jìgìjìgì, ó sì kígbe sí i létí: "Àríkẹ́! Àríkẹ́ o! Ọmọ mi dà?"

Obìnrin náà ta gìrì. Ó ké igbe kan ṣoṣo, ó sì sá lọ há mọ́ kọ̀rọ̀ ilé.

"Yéè! Akínlàbí, kí lo ṣe yìí?" ni ìyá arúgbó wí. Òwú ti já lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tún gbìyànjú títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n bí oorun bá ti ń bọ̀ báyìí, jìnnìjìnnì a mú Àríkẹ́, ojú rẹ̀ a sì là sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ iṣu tuntun, àwọn ẹbí ọkọ dá a padà sílé baba rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí láìfọhùn. Akínlàbí darúgbó, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ létí odò, kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró sí kó sunkún ọmọ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.