Ọ̀rọ̀ Mùjẹ̀mùjẹ̀ Tí Ìjàpá Fi Ń Jẹun

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì sùn, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Àlọ́ mi yìí ò parí sí dídùn o. Ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó sì dá lórí ìyá kan tó ń jẹ́ Òòbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Oko gbẹ, odò fà. Ìjàpá ò dáko, ebi ń pa á. Àṣà àwọn ẹranko nígbà yẹn ni pé ẹni tó bá wá sọ̀rọ̀ fún wọn lágbo, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Wọn kì í jẹ́ kó fi ikùn òfìfo lọ.

Ìjàpá ro ó títí. Ó ní, "Yánníbo, mo ti ríṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Ìwọ tí ọkọ́ ń bà lẹ́rù?"

"Iṣẹ́ ẹnu ni."

Ó di ìrọ̀lẹ́, ó gba agboolé Ìgalà lọ. Ìgalà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹsẹ̀ ọmọ náà ò tíì ranlẹ̀. Gbogbo ẹranko pé jọ. Ìjàpá jókòó sórí ẹní, ó húkọ́ díẹ̀. Ó ní nǹkan kan wà tó ń jẹ́ Mùjẹ̀mùjẹ̀. Ó ní òkú àtijọ́ ni, ọ̀run lé e, ayé náà ò gbà á. Tílẹ̀ bá ti ṣú, á yọ́ wọlé, á fi eyín méjì gún ọrùn ẹni tó sùn, á máa mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bí ẹni ń mu omi àgbọn.

Òkété, tó ti dàgbà, tó sì fẹ́ràn ìbéèrè, ní, "Ṣé kì í dun ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni?"

"Kì í dùn ún. Àlá dídùn ló máa ń lá."

"Báwo lo ṣe mọ àlá tó ń lá?"

"Òkété, dákẹ́ jàre," àwọn tó kù ní. "Jẹ́ ká gbọ́rọ̀."

Ìjàpá wá dá orin sí i:

Ta ló yọ́ wọlé?
Mùjẹ̀mùjẹ̀.
Ta ló gún wa lọ́rùn?
Mùjẹ̀mùjẹ̀.
Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ gbọ́mọ pọ̀n,
Mùjẹ̀mùjẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bá mi gbè é. Ó dùn lẹ́nu, àbí? Ó dùn lẹ́nu tiwọn náà.

Ibi tí Mùjẹ̀mùjẹ̀ ti gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn, tí àyà gbogbo wọn ń já, ibẹ̀ ni Ìjàpá dákẹ́ sí. Ó ní ọ̀fun òun gbẹ. Ìgalà sáré gbé iṣu sísun wá. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní ó di ọ̀la.

Bó ṣe di pé wọ́n ń ránṣẹ́ pè é kiri nìyẹn. Òní agboolé Ọ̀yà, ọ̀la agboolé Ẹtu. Ìjàpá sanra débi pé karawun ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á mọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ máa ń ṣá. Lọ́jọ́ kan, nílé Ìgalà, Òkété ní, "Ìjàpá, ó ti pẹ́ tí Mùjẹ̀mùjẹ̀ yìí ti ń bọ̀. Ta ni? Ibo ló ń gbé?"

"Òótọ́ ni," àwọn yòókù ní. "Dárúkọ ẹ̀."

Ìjàpá wo ìkòkò ọbẹ̀. Wọn ò tíì ṣí i. Bó bá ní òun ò mọ̀, wọn ò ní ṣí i. Ó gbójú sókè, ó rí Òòbẹ̀ tó ń fò jáde nínú ihò igi ẹ̀.

Òòbẹ̀ yìí, ẹbí Àdán ni, ṣùgbọ́n ó kéré. Kì í jẹ èso ẹnikẹ́ni. Yànmùyánmú àti kòkòrò tó ń fò lálẹ́ ló ń jẹ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kan ni.

"Ẹ wo ẹni tó ń jáde nígbà tí ẹ̀yin ń wọlé," Ìjàpá ní. "Ẹ wo ẹni tó ń dorí kodò sùn. Ṣé ó bá yín jẹun rí? Kí ló wá ń jẹ?"

Ìgalà fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Ọmọ mi ò mu ọmú dáadáa láti ìjẹta."

Ìyẹn ti tó. Wọ́n ṣí ìkòkò fún Ìjàpá.

Òkété ní, "Ẹ ò wá ní bi í léèrè ná?" Àwọn tó kù ti ń gbèrò bí wọn yóò ṣe lé Òòbẹ̀ lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Òkété náà tẹ̀ lé wọn. Kò fẹ́ kí wọ́n ní òun àti Òòbẹ̀ jọ ń mu ẹ̀jẹ̀ ni.

Wọ́n já ewé tútù, wọ́n ṣáná sí i nídìí igi Òòbẹ̀. Àwọn tó lè gun igi gùn ún, wọ́n ki èéfín bọ inú ihò. Òòbẹ̀ jáde, ó ń wúkọ́, ọmọ ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn láyà.

"Kí ni mo ṣe yín?"

"O mọ ohun tó o ṣe."

Ó fò lọ nínú oòrùn, kò ríran dáadáa. Ọmọ náà ti fa èéfín símú. Kí ìyá ẹ̀ tó dé ihò àpáta lẹ́yìn òkè, ó ti kú.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Omi dúró káàkiri, yànmùyánmú yọ. Ta ni yóò jẹ wọ́n? Wọ́n ń kùn létí gbogbo ẹranko, wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Ibà dé. Ọmọ Ìgalà dùbúlẹ̀.

Ìjàpá tún wá jókòó sórí ẹní. Kò sẹ́ni tó dáná.

Ìgalà ní, "O ní Mùjẹ̀mùjẹ̀ ni Òòbẹ̀. Òòbẹ̀ ti lọ. Ta ló ń mu ẹ̀jẹ̀ wa báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni," Ìjàpá ní. "Ẹ bu oúnjẹ ná, kí n ṣàlàyé."

Òkété ní, "Ìjàpá, o mọ bí eyín ẹ̀ ṣe rí. O mọ ìgbà tó ń jáde. O mọ ẹbí ẹ̀. Ó jọ pé ìwọ àti òun lẹ jọ ń pín ẹ̀jẹ̀ wa."

Wọ́n yí i ká. Ìjàpá ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí Mùjẹ̀mùjẹ̀ kankan. Ebi ló pa mí, mo fi ẹnu wá oúnjẹ."

"Irọ́ ni," gbogbo wọn ní.

Òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ, òun ni wọn ò gbà. Wọ́n fi èéfín lé òun àti Yánníbo kúrò nínú ihò wọn, wọ́n lé wọn wọ igbó ẹ̀gún.

Yànmùyánmú ò lọ. Ọmọ Ìgalà kú. Bí ìyá ẹ̀ ṣe jókòó tì í, ó rí yànmùyánmú kan tó bà létí ọmọ náà, ikùn ẹ̀ pọ́n. Ó fi pátákò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó wo ẹ̀jẹ̀ yẹn títí. Ìgbà yẹn ló tó yé e ohun tí Òòbẹ̀ máa ń jáde lọ jẹ.

Òun ló kó gbogbo wọn lọ sí ihò àpáta. "Ìyá Òòbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wálé. Ìjàpá ló tàn wá."

Òòbẹ̀ so rọ̀ níbi tó wà. Kò wojú wọn.

"Ìjàpá ò lè gun igi," ó ní. "Ta ló gun igi mi?"

Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tó ń fi ẹ̀rù yín jẹun, ẹ̀yin lẹ ń bu oúnjẹ fún un. Tí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan fún yín, ẹ bi onítọ̀hún léèrè kẹ́ ẹ tó já ewé tútù. Irọ́ Ìjàpá ò lẹ́sẹ̀. Àwa la gbé e gun igi.